Ibi Tí Ìyá Lẹ́tà Ń Ná Àmì Sí

Lọ́dún 1984, ẹni tó bá ń bọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé Ṣówándé l'Áké yóò ti gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń bú ẹ̀rọ kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kàn jókòó sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ni, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí oúnjẹ àlejò, ìyẹn nìkan sì ti tó láti bí Beatrice Ṣódiípọ̀ nínú. Ìyá Lẹ́tà ni gbogbo Aké ń pè é.

"Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń da aṣọ bò," ni yóò máa wí. "Èmi tí mo ti wà níbí láti ìgbà ogun Hítílà, ta ló da aṣọ bò mí rí?"

Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi ń to lẹ́tà òjé. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló nira. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, orí rẹ̀ sì kọjú sódì bí ìwé tí a gbé síwájú dígí. Nínú àpótí pẹlẹbẹ onígi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Ẹni tó ń tò wọ́n á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi di ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ yóò fi di ojú ìwé. Wọ́n á wá fi tàdáwà pa á, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ìwé á sì jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ àwọn lẹ́tà náà, wọ́n á dá wọn padà sínú ihò wọn de iṣẹ́ mìíràn.

Kọ́bapẹ́ ni wọ́n bí i sí, ọmọ àgbẹ̀ ni. Sítáńdà kejì ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ l'Áké. Àǹtí náà bá a wá iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá lọ́dọ̀ Bàbá Bándélé Ṣówándé, tó ń tẹ ìwé ètò ìsìn àti ìwé ìpè sí ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá ṣàkíyèsí pé ọmọ yìí kì í kó àwọn lẹ́tà tó bá já bọ́ sílẹ̀ dà nù mọ́ pàǹtí. Á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé wọn súnmọ́ ojú, á sì fi wọ́n sínú ihò tó yẹ wọ́n.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Bàbá bi í.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Sà. Èyí tó bá jọ ọ́ ni mò ń wò."

Bàbá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Beatrice kò tún gbá ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé rẹ̀ títí ayé.

Òfin méjì péré ni Bàbá fún un. Àkọ́kọ́ ni pé kó máa ka ohun tó bá tò sókè. "Kà á kí etí rẹ gbọ́ ọ," ni yóò wí, "torí ojú a máa gbójú fo nǹkan." Èkejì dá lórí àmì. Lẹ́tà tó ní àmì abẹ́, ìyẹn ẹ, ọ àti ṣ, wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ní àmì orí, tó ń sọ fún èèyàn pé kí ohùn lọ sókè sí mí tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ sí dò, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni Bàbá rí rà nínú rẹ̀ láti òkè òkun, kò sì rí òmíràn rà mọ́. Bí wọ́n bá fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, wọn kò ní rí ojú ìwé kan tẹ̀ tán.

"Ibi tí wọ́n bá ti lè ṣì wá gbọ́ ni kó o ná an sí," ni Bàbá wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tí àmì kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ìyá kan bá gbé ìwé yìí dání nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni yóò kà? Ilé ìtẹ̀wé kan wà nígbà náà, a ò ní dárúkọ rẹ̀, tí kò bi ara rẹ̀. Orí ìwé orin ló ti fẹ́ kọ ọ́ pé kí ìjọ dìde ní ẹsẹ kẹta. Wọ́n fi àmì sí s, wọ́n fi dò lé orí ẹ méjèèjì, ló bá di pé kí ìjọ dìde ní ẹ̀ṣẹ̀ kẹta. Ìyá Lẹ́tà ní àwọn ọmọ kọ́yà kan kò tilẹ̀ lè dìde, ẹ̀rín ti pa wọ́n mọ́ àga.

Bàbá Ṣówándé kú lọ́dún 1974. Olúṣẹ́gun ọmọ rẹ̀ ló jogún ilé ìtẹ̀wé náà, ọmọ tí Ìyá Lẹ́tà pọ̀n sẹ́yìn rí. Òun ló ra taipuráítà oníná náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983. Ẹ̀rọ náà ní bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí gbogbo lẹ́tà wà lára rẹ̀, tó ń yí bí òòyì. Ẹ, ọ àti ṣ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àmì orí kankan. Ńṣe ni wọ́n ń fi bírò kọ àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yà á bíi fọ́tò. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wá di iṣẹ́ òwúrọ̀ kan.

Sìlífátù ló ń tẹ ẹ̀rọ náà, ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kan láti ìdílé Láwàlì, àwọn oníṣòwò aṣọ tó ti pẹ́ nílùú. Ìka rẹ̀ yá. Bó bá ti jókòó, ohùn ẹ̀rọ náà á dà bí òjò lórí páànù, Ìyá Lẹ́tà á sì máa mi orí nídìí àpótí rẹ̀.

"Ìka ń sáré, orí ń sùn," ni yóò wí. Ó ti kó ẹ̀rí jọ. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ìsinsìnyí, béèrè méje àti mẹ́jọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kí o jẹ́ kí àwọn mú kakulétọ̀. Ó ní àwọn akọ̀wé Ìbarà kò lè rántí ọ̀rọ̀ tó gùn ju apá kan lọ bí wọn kò bá fi rédíò olókùn gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń ba orí àwọn èèyàn jẹ́, ó dá a lójú, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, torí kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́ tí Sìlífátù dé, ó wá kúnlẹ̀ nídìí àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní lẹ́tà títò."

"Lọ bi ẹ̀rọ rẹ," ni Ìyá Lẹ́tà wí, kò sì gbójú sókè.

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó padà lọ jókòó. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí i ní àràárọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè mọ́. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ni pé ojú Ìyá Lẹ́tà ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti tó ọdún méjì tí ìkùukùu fi ń sọ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀, tí lẹ́tà kéékèèké sì ti di nǹkan kan náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ihò, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà, ó sì gbà pé ọwọ́ náà yóò gbé òun dé òpin. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ilé ìtẹ̀wé yìí ló ní láyé. Bí Olúṣẹ́gun bá mọ̀, Kọ́bapẹ́ ni yóò ní kó padà sí, kó lọ jókòó lẹ́bàá títì kó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tí kò ní rí.

Oṣù kẹwàá ọdún 1984 ló pé ọdún mẹ́wàá tí Bàbá Ṣówándé kú. Ìsìn ìrántí yóò wáyé lọ́jọ́ Sunday, Olúṣẹ́gun sì fẹ́ kí igba káàdì wà tí wọn yóò pín fún ìjọ. Ó ní kí Ìyá Lẹ́tà sọ gbólóhùn kan tirẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Sìlífátù ni ìbá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n láti Wednesday ni NEPA ti mú iná lọ, ẹ̀rọ sì dákẹ́ lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Inú Ìyá Lẹ́tà dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ọmọ ìjọ dùn lọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ló wí fún Olúṣẹ́gun. "Bàbá kò nílò iná."

Olúṣẹ́gun lọ sí Èkó lọ ra pépà. Ìyá Lẹ́tà to káàdì náà fúnra rẹ̀, ó fi ọjọ́ méjì ṣe é. Gbólóhùn tirẹ̀ kò gùn: Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì mọ nǹkan kan. Bàbá kọ́ mi. Ó rò ó dáadáa, ó sì pinnu pé ibì kan ṣoṣo ni òun yóò ná àmì orí sí nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn orí kọ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè ṣì í gbọ́. Ó tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó gbé e sókè, ó kà á kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dùn létí rẹ̀. Ó tẹ igba.

Láàárọ̀ Saturday, Sìlífátù tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn káàdì náà sí méjì. Ó ka ti àkọ́kọ́ sókè, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan.

"Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì mọ nǹkan kan. Bàbá kọ̀ mí."

Ìyá Lẹ́tà yíjú padà. "Kí lo kà?"

"Ohun tí ẹ kọ ni, Mà."

"Tún un kà."

Ọmọ náà tún un kà. Kọ̀ náà ni. "Mo rò pé bóyá Bàbá kọ́kọ́ lé yín dànù ni, kí wọ́n tó wá gbà yín padà," ló wí. "Mo fẹ́ bi yín, ẹ̀rù ló bà mí."

Ìyá Lẹ́tà gba káàdì náà, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ohun kan wà lórí ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbáà jẹ́ eruku, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ eṣinṣin, kò mọ̀ ọ́n.

"Mi ò rí i," ló wí níkẹyìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni.

Ó wá jókòó sórí àga rẹ̀ nídìí àpótí. Lọ́la, gbogbo ìjọ yóò kà á pé ọkùnrin tó sọ òun dèèyàn kọ òun, orúkọ òun yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ Bàbá yóò wà níbẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sunkún.

Sìlífátù lọ sídìí àpótí lẹ́tà, ó bu díẹ̀ nínú ihò ọ́, ó tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Màmá, oríṣi méjì ló wà nínú ihò yìí."

Ló bá yé Ìyá Lẹ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló dá àwọn lẹ́tà ìwé ìgbéyàwó kan padà, ìrọ̀lẹ́ ni, kò sì ríran. Lára irin, òdì ni gbogbo nǹkan kọjú sí: mí á jọ dò, dò á jọ mí. Ẹni tí ojú rẹ̀ là gan-an ń ṣọ́ra. Òun ti dà wọ́n pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi tó máa ń lọ, ó mú ohun tó bá níbẹ̀. Nígbà tó sì ń ka ẹ̀dà àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé.

"Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n?" ló bi ọmọ náà. "Ṣé wọ́n kọ́ yín ní ibi taipuráítà ni?"

"Rárá, Mà. Ilé kéwú ni. Àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ náà. Alfa wa máa ń ní ká kà á sókè, torí bí àmì bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn."

Ìyá Lẹ́tà wò ó, bó ti lè rí i mọ. Ó lé lọ́dún kan tó ti ń sọ pé orí ọmọ yìí ń sùn.

"Ká aṣọ yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ," ló wí. "Tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbí."

Wọ́n da gbogbo ọ́ àti ọ̀ jọ sórí aṣọ funfun náà, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ yí i ká. Ìyá Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. "Wá ibi tí wọ́n gé lára irin náà, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà nìyẹn. Má gba ohun tó o rí gbọ́, yí i sódì nínú orí rẹ. Bó bá rú ọ lójú, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kó o tó gbà." Sìlífátù ń ṣà wọ́n, ó ń pè wọ́n: "Mí. Dò. Dò. Mí." Ìyá Lẹ́tà ń fi ìka yẹ ẹ̀gbẹ́ wọn wò, ó ń kó wọn sínú ihò. Páálí káàdì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí Olúṣẹ́gun rà pa mọ́ fún ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ìyá Lẹ́tà ní kó lọ gbé e wá. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti ṣí páálí náà, kò sí bí òun ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ojú òun pa mọ́ mọ́. Ó ṣí i.

Sìlífátù ló mú lẹ́tà kan ṣoṣo náà, òun ló fi í sí àyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, ó lọ kírun, ó sì padà wá. Kí oòrùn tó wọ̀, igba káàdì mìíràn ti wà nílẹ̀.

Olúṣẹ́gun dé, ó sì rí páálí tó ṣófo.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Sìlífátù wí, "èmi ni mo ba..."

"Dákẹ́," ni Ìyá Lẹ́tà wí. "Ṣẹ́gun, ojú mi ti ń lọ. Ó ti tó ọdún méjì. Mo tẹ igba káàdì, mo ní bàbá rẹ kọ̀ mí. Ọmọ yìí ló gbà mí." Ó nawọ́ sí taipuráítà. "Mo ti bú ẹ̀rọ yẹn tó, mo ní kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ọwọ́ mi yìí ló ti di ẹ̀rọ. Ó ń dá lọ sínú ihò fúnra rẹ̀, èmi ń sùn lẹ́yìn rẹ̀."

Olúṣẹ́gun mú káàdì kan nínú ti àkọ́kọ́, ó mú ọ̀kan nínú ti èkejì, ó wò wọ́n títí. "Ẹ lọ sinmi, Mà," ló wí.

Ẹ lè ro irú oorun tí obìnrin náà sùn. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ka gbólóhùn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ ni wọ́n kà á, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Monday, ó ti di àwọn nǹkan rẹ̀ sínú báàgì kó tó wá síbi iṣẹ́, kí wọ́n má bàa lé e kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó ẹrù.

Àga rẹ̀ kò sí nídìí àpótí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ taipuráítà, lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ̀rọ yìí kò ní àmì orí," ni Olúṣẹ́gun wí. "Ojú ìwé tó bá jáde níbẹ̀, Sìlífátù á kà á, ẹ̀yin á gbọ́ ọ, ẹ ó sọ ibi tí àmì máa wà. Ṣé ojú lẹ fi ń gbọ́ ni? Lọ́jọ́ Thursday, a ó lọ rí dókítà ojú."

Ìyá Lẹ́tà jókòó. Ìgbà náà ló tó rí omijé sun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Ọmọ á kà, ìyá á dijú. "Ibẹ̀ yẹn, mí. Fi ìyẹn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́." Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fún un ní awò tó nípọn bí ìdí ìgò, ó sì ń rí ìwé bó bá gbé e súnmọ́ imú. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ó tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ taipuráítà, ó ní ìbá jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ṣe é pé, iṣẹ́ ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń fi aṣọ bò ó.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1986, ó pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún un. Sìlífátù ló tẹ ìwé ètò ìsìn náà. Olúkúlùkù ló ní gbólóhùn kan níbẹ̀. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ pépà náà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e lé Ìyá Lẹ́tà lọ́wọ́ pẹ̀lú bírò.

"Mo ti fi àmì sí ìyókù, Mà. Ẹ bá mi fi sí ti èmi. Ibi méjì péré ni wọ́n ti lè ṣì wá gbọ́."

Ìyá Lẹ́tà gbé e súnmọ́ awò rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ nìyí:

Nigba ti mo de, ẹ kọ mi. Nigba to ya, ẹ kọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gé lójijì. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn, orúnkún ọmọ náà nínú eruku. Ó fi bírò kan orí kọ àkọ́kọ́, ó fi dò sí i fúnra rẹ̀, kò wá àwáwí. Nígbà tó dé orí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ka ìyẹn sókè fún mi," ló wí, "kí etí mi gbọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ mi," ni Sìlífátù kà.

Ìyá Lẹ́tà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Nígbà náà ló tó fi àmì sí i.